Lẹ́fẹ̀lì Mélòó Lọmọ Mi Wà? Ìbéèrè Yín Lórí Ọ́tísíìmù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lóṣù tó kọjá, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń dàgbà lọ́nà ọ̀tọ̀, tó fi ń kan bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, ni Wásáàpù mi ò ti sinmi, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé kìí ṣe oògùn tàbí oúnjẹ ni púpọ̀ nínú yín ń béèrè, orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ yín ló ń já yín láyà. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé kúrò, Ìkòròdú ò tóbi tó bí ẹ ṣe rò.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Odógunyàn là ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 6, a gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba kan, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ọ́tísíìmù ni, Lẹ́fẹ̀lì 2. Mo mú ìwé náà lọ sí sùkúù ẹ̀, màmá tó ni sùkúù wò ó, wọ́n ní rárá o, tiẹ̀ ò le, pé "mild" ni, kí n má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà mí, ọmọ tó ń pe gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù láti Odógunyàn dé Ojota láìfo ẹyọ kan, báwo ló ṣe máa jẹ́ Lẹ́fẹ̀lì 2. Ni mo bá sanwó. Táàmù kejì ò tíì parí tí wọ́n fi pè mí pé kí n wá mú un lọ, pé tiẹ̀ ti le jù fún àwọn. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò gbọ́ ọ rí, kí wọ́n máa pín ọmọ sí kíláàsì nínú ohun tó ń ṣe é. Ta ni kí n gbà gbọ́ báyìí?

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Dọ́kítà ni kí ẹ gbà gbọ́, àmọ́ ó jọ pé kò ráàyè ṣàlàyé fún yín, ẹ̀yin náà mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ ní kílíníìkì. Lẹ́fẹ̀lì tí ẹ rí yẹn, kìí ṣe pé wọ́n ń wọn bí ọ́tísíìmù ṣe pọ̀ tó lára ọmọ bí ẹni fi tẹmómítà wọn ibà. Ìrànlọ́wọ́ tó nílò ni wọ́n ń wọ̀n. Inú ìwé àwọn dọ́kítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DSM-5 ló ti wá, oṣù karùn-ún ọdún 2013 ló jáde. Lẹ́fẹ̀lì 1, ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́. Lẹ́fẹ̀lì 2, ó nílò ẹ̀ dáadáa. Lẹ́fẹ̀lì 3, ó nílò ẹ̀ gidi gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò wá mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ló yẹ kí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ sísọ àti bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn ṣe, ìkejì fún àwọn nǹkan tó ń ṣe ní àṣetúnṣe, bó ṣe ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bákan náà lójoojúmọ́, bí ariwo tàbí aṣọ kan ṣe ń ni ín lára. Ọmọ lè jẹ́ 3 níbí kó jẹ́ 1 lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé tiyín, ẹ padà lọ béèrè èwo ni wọ́n wọ̀n.

Ní ti bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Ọmọ kan wà ní Agric tó jẹ́ pé ẹnu géètì ilé wọn ló máa ń dúró sí, á máa gbá géètì yẹn pàkà pàkà bíi kọ́ńdọ̀, "Mile 12, Kétu, Ojota, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", ohùn ẹ̀ á tiẹ̀ há díẹ̀ bíi ti kọ́ńdọ̀ gidi tó ti jí láti aago mẹ́rin ìdájí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ máa bú sẹ́rìn-ín. Òùngbẹ wá gbẹ ẹ́ báyìí. Kò ní sọ pé omi. Á di ọrùn ọwọ́ ìyá ẹ̀ mú, á fà á lọ sídìí kúlà, á gbé ọwọ́ yẹn lé ife lórí, á wá dúró, kò sì ní wo ojú ìyá rárá, àfi bíi pé ọwọ́ yẹn dá wà ni. Ẹni tó bá gbọ́ ti Ojota nìkan á ní ọmọ yìí gbọ́n ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ, ẹni tó bá rí ti kúlà nìkan á ní kò mọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ ọ́tísíìmù máa tún ohun tó gbọ́ sọ wọ́pọ̀ gan-an, ó sì wúlò, torí tísà tó mọṣẹ́ lè gba ibẹ̀ kọ́ ọ bó ṣe máa béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì di "Mọ́mì, ẹ fún mi lómi."

"Mild" tí wọ́n wí yẹn, kò sí lára lẹ́fẹ̀lì tí ìwé DSM-5 kọ fún ọ́tísíìmù. "High functioning" náà ò sí níbẹ̀, kò fìgbà kan jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń kọ síwèé, ẹnu lásán ni wọ́n ń fi sọ ọ́. Ẹ má bínú tí mo bá là á mọ́lẹ̀, mo ti rí i tó: tó bá di ọjọ́ owó ìwọlé, ọmọ a jẹ́ mild, tó bá wá di pé kí wọ́n wá ẹni tó máa jókòó tì í ní kíláàsì, ọmọ kan náà a di èyí tó le jù. Ẹbí náà ń lò ó o, wọ́n á ní ṣebí tiẹ̀ ò le, kí lẹ wá ń náwó sí speech therapy, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, fún.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tí dọ́kítà bá kọ sílẹ̀ lè pinnu ohun tí ìnṣọ́ránsì máa san àti ohun tí sùkúù máa ṣe fún ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà lórí àwọn orúkọ yìí lọ́hùn-ún tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí kọ́bọ̀ tí ìjọba so mọ́ Lẹ́fẹ̀lì 2. Ẹnu géètì sùkúù àti ẹnu ẹbí ni nọ́ńbà yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì dùn mí pé ìwé DSM-5 fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi nọ́ńbà yìí pinnu ẹni tó yẹ kó rí ìrànlọ́wọ́ gbà, ó tún sọ pé ó lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, kó sì yí padà bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ọmọ tó rọra ń ṣeré nílé lè dé Sábó, kí márúwá máa fọn fèrè, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún, kí ẹni tó ń ta oògùn eku gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbẹ̀, kó wá ju ara ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́fẹ̀lì wo lẹ máa pe ìyẹn?

Torí náà, ìwé tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn ni èyí tó ń sọ̀rọ̀: kí ló ń dá ṣe, kí ló ń ṣe téèyàn bá ràn án lọ́wọ́, kí ló máa ń bí i nínú, kí ló ń rọ̀ ọ́ lára, ọ̀nà wo ló ń gbà béèrè nǹkan. Ojú ìwé kan péré ti tó. Ẹ gbé e fún sùkúù tuntun kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé èwo nínú ẹ̀ ni wọ́n lè ṣe. Ti èyí tó lé e, ẹ má rò pé kò sí òfin o. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá ti wà láti ọdún 2011, ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, oṣù kìíní ọdún 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì ló sì ta ko kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ du ọmọ nítorí ohun tó ń ṣe é. LASODA ni ọ́fíìsì tí òfin Èkó dá sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ yìí. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé dọ́kítà àti rìsíìtì owó tí ẹ san dání.

Kí n má gbàgbé, ṣé wọ́n ti yẹ etí ẹ̀ wò? Tí wọn ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì bá mi kí ìyá ọkọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté ni mò ń gbé. Wọ́n sọ fún àbúrò mi ọkùnrin ní London lọ́dún 2009 pé Asperger ló ní, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, ó sì ti padà sílé. Dọ́kítà tó rí níbí ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ Asperger mọ́, pé ọ́tísíìmù ni. Inú bí i gan-an, ó ní òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Dádì wa ní tiwọn ní kò sí èyí tó ní nínú méjèèjì, pé ìgbéraga lásán ni, torí pé kìí dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn. Èwo ló ṣì í nínú àwọn dọ́kítà yìí?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó ṣì í, ìwé tí wọ́n ń lò ló yí padà. Lọ́dún 1943, Leo Kanner tó jẹ́ dọ́kítà àwọn ọmọdé ní Baltimore kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó jẹ́ pé àdáwà ló wù wọ́n, tí wọn ò sì fẹ́ kí nǹkan kan yí padà láyìíká wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hans Asperger kọ tiẹ̀ ní Vienna, àwọn ọmọ tiẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, bí wọ́n ṣe máa bá ẹgbẹ́ wọn ṣe ni wọn ò mọ̀. Èdè Jámánì ló fi kọ ọ́, ogun sì wà nílẹ̀, ìwé náà ò fi bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ àfìgbà tí Lorna Wing, dọ́kítà ọpọlọ ní ìlú Ọba tí òun fúnra ẹ̀ bí ọmọbìnrin tó ní ọ́tísíìmù, gbé orúkọ Asperger jáde lọ́dún 1981. Nígbà tó di 1994, ìwé Amẹ́ríkà sọ ọ́ di orúkọ ọ̀tọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí kan yẹ̀ ẹ́ wò ní ibùdó yunifásítì 12, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012, wọ́n rí i pé ibùdó tí wọ́n gbé ọmọ lọ ló ń pinnu orúkọ tó máa gbà bọ̀ ju bí ọmọ fúnra ẹ̀ ṣe rí lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o, ọmọ méjì tó jọra, ọ̀kan á gba Asperger, èkejì á gba ọ́tísíìmù, torí pé kìí ṣe ọsibítù kan náà ni wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan lọ́dún 2013 nìyẹn. Ìwé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, náà ti yọ Asperger kúrò, àmọ́ àwọn ò lo 1, 2, 3, ohun tí wọ́n ń kọ ni bóyá ó kan òye ọmọ tàbí kò kàn án, àti bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ṣe tó. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, ti WHO yẹn ni màá mú, ó kéré tán ó sọ nǹkan tí èèyàn lè dì mú.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 2018, Herwig Czech tó jẹ́ onítàn ìṣègùn ní Vienna gbé e jáde pé Asperger fọwọ́ sí kí wọ́n gbé àwọn ọmọ kan lọ sí Am Spiegelgrund, ilé ìwòsàn kan ní Vienna, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ tó sún mọ́ 800 láyé ìjọba Hitler. Àwọn kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀ sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà. Àwọn míì ní orúkọ tó jẹ́ káwọn mọ ara àwọn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni, àwọn ò ní fi sílẹ̀. Àgbàlagbà ni àbúrò yín, ẹ jẹ́ kó pe ara ẹ̀ ní ohun tó wù ú nílé, kó sáà mọ̀ pé ọ́tísíìmù ni wọ́n máa kọ sínú ìwé tuntun, kò sì dín in kù.

Ti dádì, ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn ná. Lára ohun tí àwọn dọ́kítà máa ń béèrè ni pé ṣé ó ń wo èèyàn lójú, ìbéèrè yẹn sì máa ń dojú rú lọ́dọ̀ wa, torí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa kìí tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ wo bó ṣe ń wo ẹgbẹ́ ẹ̀ àti ọmọ kékeré kí ẹ tó dájọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé kò mọ ìgbà tó yẹ kóun kí èèyàn, tó bá di ibi ayẹyẹ tí àgbà ogún jókòó, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ló bá gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ sọ fún un níwájú pé, "Tí a bá wọlé, Bàbá Èbúté nìkan ni kó o kí, lẹ́yìn náà kó o jókòó." Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Lẹ́fẹ̀lì 1 ni ọ̀pọ̀ irú wọn wà nínú ìwé, gbogbo ayé sì máa ń rò pé 1 túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ dídùn. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 15. Kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Èmi ni mò ń fọ ìdí fún un, tó bá ń ṣe nǹkan oṣù èmi náà ni. Ó máa ń bu ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ, láìpẹ́ yìí ó tún wá le sí i, kìí sùn lóru. Mo tan tẹlifíṣọ̀n lóṣù kẹrin, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fàlàlà pé òun ní ọ́tísíìmù, ẹ̀bùn ni, kí wọ́n má pè é ní àìlera mọ́. Inú mi dùn fún un, àmọ́ mo pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ṣé ohun kan náà ló ń ṣe òun àti ọmọ mi? Kí ló dé tí orúkọ wọn fi jẹ́ ọ̀kan?

ÌDÁHÙN: Màmá, ìbéèrè yín gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn jà lé lórí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ dábàá orúkọ kan, "profound autism", fún ẹni tó ti tó ọdún 8 sókè, tó jẹ́ pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí òye ẹ̀ kéré gan-an tàbí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò tó nǹkan. Lọ́dún 2023, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 8 tó ní ọ́tísíìmù, wọ́n ní 26.7 nínú 100 ló bọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ ò dá wà o, àwọn ìyá tí kìí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ wà láàárín wọn.

Àwọn tó ta kò ó náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, púpọ̀ nínú wọn àwọn àgbà tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn ni. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti kọ "profound" sí ọmọ lára, wọ́n á ṣíwọ́ kíkọ́ ọ ní nǹkan, wọ́n á sì sọ fáwọn tó kù pé ṣebí tiyín ò le, ẹ lọ máa wá tiyín. Wọ́n tún ní ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí ẹ̀, òótọ́ sì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe ọmọ yẹn ní dìndìnrìn létí ẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Tí gbogbo èèyàn bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ló máa ń gba máíìkì, ohun tó bá béèrè ni wọ́n á ṣe, ohun tí ọmọ yín nílò, ẹni tó máa bá yín dì í mú kí ẹ ráyè sùn, kò sí ẹni tó máa dárúkọ ẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí náà, ọmọ tó lè jókòó dáhùn ìbéèrè ló rọrùn fún wọn. Kí wọ́n fún irú ọmọ yín lórúkọ tiẹ̀, kí wọ́n ṣáà má fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ kóòtù yẹn ò sì parọ́, ara tiẹ̀ ló ń sọ, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Ní báyìí o, bíbu ọwọ́ jẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá le sí i yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí dọ́kítà wo eyín ẹ̀, wo etí, kí wọ́n béèrè bóyá ó ń rí ìgbẹ́ yà dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ máa sàmì sí kàlẹ́ńdà bóyá ó máa ń bá nǹkan oṣù rìn, torí ọmọ tí kò lè sọ pé "ó ń dùn mí" ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi sọ ọ́. Tí ẹ bá rí i tó tẹjú mọ́ ibì kan tí ẹ pè é pè é tí kò gbọ́, tàbí tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ tètè sọ fún wọn, wárápá wọ́pọ̀ láàárín irú wọn ju bí ó ṣe wà láàárín àwọn ọmọ míì lọ. Àìsùn náà, ẹ sọ fún dọ́kítà, kò yẹ kí ẹ kàn máa fara dà á. Ẹ wá fọ́tò ife, fọ́tò bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, fọ́tò bẹ́ẹ̀dì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ ẹ̀ máa tó, kí ẹ máa mú ọwọ́ ẹ̀ lọ kàn án kí ẹ tó fún un ní nǹkan náà. Ọdún 15 ò tíì pẹ́ jù. Tí ẹ bá ní àbúrò tàbí ọmọ ìjọ kan tó ṣeé fọkàn tán, ẹ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ lọ sùn. Ẹ má fi lọ fọṣọ o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ta oògùn olómi kan fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agric, pé tí ọmọ ẹ̀ bá mu ún fún oṣù mẹ́ta á kúrò ní Lẹ́fẹ̀lì 3 bọ́ sí 1. Ó ń rùn bíi oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni, ewu sì ni pẹ̀lú. Nọ́ńbà lè yí padà tí ọmọ bá ń rí ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ gbà, àmọ́ kò sí ìgò kankan tó ń gbé ọmọ kúrò ní 3 bọ́ sí 1. Ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀ yẹn jọ èyí tí àwọn kan ń tà káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní MMS, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ láìmọye ìgbà, ó máa ń di nǹkan tí wọ́n fi ń bó aṣọ tí wọ́n bá ti pò ó pọ̀ mọ́ nǹkan kíkan bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Kí ẹ̀gbọ́n yín má fún un mu mọ́ lónìí yìí. Tó bá ti mu nínú ẹ̀ tó sì ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù báyìí báyìí, kí wọ́n sì gbé ìgò náà dání.